Kìnnìún Ẹ̀bá Títì ní Chaeronea

Kìnnìún náà jókòó sí ẹ̀bá títì. Mo ti múra sílẹ̀ láti wá a kiri. Mo ti ń to ìwọ̀nba Gíríìkì tí mo gbọ́ pọ̀ lọ́kàn, bí n ó ṣe bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Ṣùgbọ́n takisí tó gbé mi láti Livadeia kò tíì wọ àárín abúlé tí awakọ̀ fi nawọ́ síwájú, tó ní, "Òun nìyẹn." Òun náà ni lóòótọ́. Ó fi ìdí jókòó, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ró ṣánṣán, ó gbójú sókè, igi sípírẹ́sì dúró yí i ká. Kìnnìún nìkan ga ju mítà 5 lọ, ká má tíì sọ ti ìpìlẹ̀ òkúta tó jókòó lé.

Ní Áténì, fún ọdún mẹ́ta, ìyá àgbà kan ni mo ń tọ́jú. Yayá ni mo ń pè é, bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gíríìkì ń pe ìyá àgbà. Yayá kì í ṣe ọmọ Áténì. Ìhà Livadeia ni wọ́n bí i sí, nígbàkigbà tí ara bá sì tù ú díẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ló máa ń bá mi sọ: omi tútù tó ń sun jáde lábẹ́ àpáta ní Livadeia, oko òwú tó funfun lọ salalu, àti "kìnnìún wa." Mo kọ́kọ́ rò pé àlọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n gbé àpótí fọ́tò wá, ó yọ ọ̀kan tó ti pọ́n létí jáde. Ọmọdébìnrin kan ló dúró nínú rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ìpìlẹ̀ òkúta, orí rẹ̀ kò sì dé ìdajì ìpìlẹ̀ náà. Yayá ni. Ó fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀ nínú fọ́tò, ó ní, "Hẹrónìa." Chaeronea ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n Hẹrónìa ló ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Ó ní kí n má ṣe kúrò ní ilẹ̀ Gíríìsì láì dé ibẹ̀. Oṣù kejì tí a sin ín ni mo lọ.

N ó kọ́kọ́ sọ ti kìnnìún, torí òun lẹni tó bá wá síbẹ̀ kọ́kọ́ ń rí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 338 ṣáájú ìbí Krístì, Philip ọba Makedóníà kó ogun sọ̀kalẹ̀ láti àríwá. Áténì àti Thebes, àwọn ìlú méjì tó ti ń bá ara wọn jà tipẹ́, para pọ̀ láti dá a dúró, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Chaeronea ni wọ́n sì ti pàdé. Alexander ọmọ Philip wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 18 ni, ó ti ń darí apá kan ogun bàbá rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ Áténì tó kú lé ní 1,000, wọ́n sì kó nǹkan bíi 2,000 nínú wọn nígbèkùn. Demosthenes, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Áténì tó fi ẹnu rẹ̀ kó àwọn ènìyàn jọ sí ogun yìí, sá lójú ìjà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Thebes kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Mímọ́, ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ olólùfẹ́ ara wọn ní méjìméjì, ni kò sá. Ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n kú sí. Ìtàn sọ pé nígbà tí Philip rìn kọjá láàárín òkú, tó rí wọn bí wọ́n ṣe sùn síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Kìnnìún yìí ni wọ́n gbé lé ibojì àwọn ará Thebes. Lẹ́yìn nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, arìnrìn-àjò Gíríìkì kan, Pausanias, gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí àkọlé. Ó wá ní lójú tòun, ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí àyànmọ́ fún wọn kò bá ìgboyà wọn mu. Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lédè tiwa, orí wọn ni kò gbè wọ́n. Ọkàn wọn gbóyà tó, orí ni kò gbà. Nítorí náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ sára òkúta tí yóò tó.

Nígbà tó yá, ìpìlẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, kìnnìún wó, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, iyẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún 1818 ni àwọn arìnrìn-àjò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gẹṣin kọjá, tí ẹṣin ọ̀kan nínú wọn kọsẹ̀ lára òkúta. Wọ́n ní kí àwọn wo ohun tó wà nílẹ̀, orí kìnnìún ni wọ́n bá. Ó tún wà bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún ó lé kí àwọn awalẹ̀pìtàn Gíríìkì tó gbẹ́lẹ̀ yí i ká, ní 1879 sí 1880. Egungun ọkùnrin 254 ni wọ́n bá, wọ́n tẹ́ wọn sí ìlà méje. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ẹgbẹ́ Mímọ́ nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láàárín 1902 sí 1904, ni wọ́n tó kó àfọ́kù kìnnìún jọ tí wọ́n tò ó padà. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ ó rí ojú àpá náà lára rẹ̀, ibi tí òkúta tuntun ti pàdé ti àtijọ́. Mo dúró wo àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ogun fi ń wá bá ìlú tí kò ránṣẹ́ pè é, ẹ gun òkè. Òkè Petrachos wà lẹ́yìn abúlé gan-an. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ara àpáta fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ìjókòó gbọ̀ngàn eré àtijọ́, ìlà kan lé orí ìlà kejì, gbogbo rẹ̀ há, ó rọra ga bí àkàsọ̀. Lókè téńté, àlàpà odi ìlú ṣì wà. Láti ibẹ̀, ilẹ̀ náà ṣàlàyé ara rẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tẹ́ rẹrẹ níwájú yín, odò Kifisos ń gba àárín rẹ̀ kọjá, láti ìhà òkè Parnassus níwọ̀-oòrùn lọ sí ibi tí adágún Kopais wà tẹ́lẹ̀ níhà ìlà-oòrùn. Lódìkejì odò, òkè Akontion tún dìde. Àárín òkè méjèèjì kò ju ìwọ̀nba kìlómítà lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti àríwá wá, tó ti la ọ̀nà tóóró Thermopylae já, tó ń lọ sí Thebes tàbí Áténì, àlàfo yìí ni yóò gbà. Ìlú tó bá jókòó sí irú ibẹ̀ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ayé kò kan òun. Epaminondas, ọ̀gágun Thebes, ti pe gbogbo ilẹ̀ Boeotia yìí ní pápá ijó Ares, òrìṣà ogun wọn.

Ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ogun ń gbà náà ni oúnjẹ ti ń jáde. Òwú àti ọkà ni mo rí lójú ọ̀nà. Adágún Kopais ti lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi rẹ̀ kúrò ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oko ló di. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìnnìún níbẹ̀. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí àwọn àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi pupa ya àwòrán sára funfun, tí wọ́n hú jáde nínú òkìtì kan lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn tó mọ ìkòkò náà ṣe ti wà níbẹ̀ ní ohun tó lé ní ọdún 5000 ṣáájú ìbí Krístì. Ìlà pupa náà gún rẹ́gí. Ọwọ́ ẹni tó fà á kò gbọ̀n rárá.

Èmi ò lọ nítorí ogun, kì í sì í ṣe nítorí Yayá nìkan. Mo lọ nítorí gbólóhùn kan tí mo rí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ìlú rẹ̀ ní òru tí Yayá kò bá rí oorun sùn.

Ní nǹkan bí ọdún 46 lẹ́yìn ìbí Krístì, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Chaeronea tó ń jẹ́ Plutarch. Ó kàwé ní Áténì. Ó dé Róòmù, ó kọ́ àwọn ènìyàn níbẹ̀, ó bá àwọn ọlọ́lá ṣọ̀rẹ́, ó di ọmọ onílẹ̀ Róòmù. Ó jẹ́ àlùfáà òrìṣà Apollo ní Delphi fún ọdún púpọ̀. Ó kọ ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ńlá Gíríìkì àti Róòmù ní méjìméjì, ìwé tí ayé ṣì ń kà títí di òní. Ibi tó wù ú ló lè gbé. Nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Demosthenes, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn yẹ kó wà ní ìlú ńlá, níbi tí ìwé pọ̀ sí, níbi tó ti lè bèèrè ohun tí àwọn ònkọ̀wé gbàgbé lọ́wọ́ àwọn tó rántí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: ìlú kékeré ni èmi ń gbé, mo sì fẹ́ràn láti máa gbé ibẹ̀, kó má baà tún kéré sí i.

Kí ó má baà tún kéré sí i. Mo ka gbólóhùn náà, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ lórí àyà mi.

Bàbá mi, olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ láti kúrò ní ìlú wa. A bẹ̀ ẹ́ títí. A ní kó wá sí Èkó, a ti ya yàrá sọ́tọ̀ fún un. Kì í bá wa jiyàn. Ó kàn máa ń bèèrè pé, "Ta ni yóò wá kù nílé?" Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa, òun ló máa ń jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń ka páànù bí wọ́n ṣe ń já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń ka àpò sìmẹ́ǹtì, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣé Bàbá Olùkọ́ ti di akọ̀wé bíríkìlà ni. Ó dùn mí nígbà náà. Mo fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ wá wò ó. Nínú ìwé ìmọ̀ràn tí Plutarch kọ fún àwọn tó ń ṣe ìṣàkóso ìlú, ó sọ pé àwọn àlejò máa ń bá òun wí nígbà tí wọ́n bá rí òun níta ní Chaeronea, tí òun dúró ti àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń wọn táìlì òrùlé lójú òun, tí wọ́n ń kó kọnkéré àti òkúta wá. Ó dá wọn lóhùn pé kì í ṣe fún ara òun lòun ṣe ń kọ́lé yìí, ìlú òun ni. Ọ̀gbẹ́ni tó bá àwọn ọlọ́lá Róòmù jẹun nìyẹn, tó dúró nínú oòrùn, tó ń ka táìlì. Ibi tí mo ti kà á, mo ké sí bàbá mi lórí fóònù lóru ọjọ́ náà gan-an. Ó ti sùn. Ó gbé e, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí nǹkan, Bàbá, mo kàn ní kí n gbóhùn yín ni.

Nínú gbogbo ohun tí Plutarch kọ nípa ìlú rẹ̀, èyí tó wọ̀ mí lára jù kò gba ìlà mẹ́wàá lójú ìwé. Ó wà nínú ìtàn Antony, ará Róòmù tó fẹ́ Cleopatra. Ní ọdún 31 ṣáájú ìbí Krístì, Antony kó ogun wá sí etíkun Gíríìsì láti bá Octavian, ará Róòmù tó ń bá a du ìjọba, jà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì nílò oúnjẹ. Nicarchus, bàbá bàbá àgbà Plutarch, ló sọ ọ́ nínú ẹbí. Wọ́n lé gbogbo ọmọ ìlú Chaeronea jáde kí wọ́n ru àlìkámà, ìwọ̀n tí wọ́n bù fún oníkálukú, lórí èjìká, sọ̀kalẹ̀ lọ sí Anticyra létí òkun. Pàṣán ló ń lé wọn lẹ́yìn kí wọ́n lè yára. Wọ́n ru ti àkọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọ́n padà. Wọ́n ti wọn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sílẹ̀, wọ́n fẹ́ẹ̀ gbé e lé èjìká, ni ìròyìn dé pé wọ́n ti ṣẹ́gun Antony ní Actium. Àwọn aṣojú rẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun tó ń na àwọn ènìyàn fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Àwọn ará ìlú jókòó, wọ́n pín àlìkámà náà láàárín ara wọn.

Ogun yẹn ló pinnu ẹni tí yóò jọba lórí gbogbo ayé Róòmù. Gbogbo òpìtàn ló ń sọ ti ọkọ̀ ojú omi, ti ọbabìnrin Ijíbítì tó sá lọ, ti Antony tó tẹ̀lé e. Plutarch náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dá ìtàn dúró díẹ̀ kó lè fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn tí ẹrù kan ti bó léjìká, tí èkejì wà nílẹ̀ níwájú wọn. Bí Nicarchus kò bá sọ ọ́ fún ọmọ, kí ọmọ sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ, kí ẹnìkan sì wà nílé tó ń gbọ́, ta ni ìbá mọ̀? Mo ń ronú nípa ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń ronú nípa ẹni tó lọ àlìkámà tó yẹ kó gbé lọ fún ẹni tó ń nà án, tó fi yan búrẹ́dì fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìtàn kejì burú ju èyí lọ. Ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ń lo ìgbà òtútù ní Chaeronea. Ọ̀gá wọn kan gbé ojú lé ọmọkùnrin ọmọ òrukàn kan, Damon. Ó tàn án, ó fi ẹ̀bùn bẹ̀ ẹ́, nígbà tí kò gbà, ó fẹ́ fi ipá mú un, torí ó rí i pé ìlú náà kéré, kò sì ní agbára. Damon kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Wọ́n mu wáìnì lóru, wọ́n fi dúdú èéfín kun ojú, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, wọ́n pa ọ̀gá náà níbi tó ti ń rúbọ láàárín ọjà, pẹ̀lú àwọn kan tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì sá jáde. Ẹ̀rù ba ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n dá Damon lẹ́jọ́ ikú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Damon padà wọlé, ó pa àwọn ìjòyè náà nídìí oúnjẹ. Níkẹyìn, àwọn ará ìlú fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án padà, wọ́n fi í jẹ olórí pápá ìdárayá, wọ́n wá pa á nígbà tó ń fi òróró para nínú ilé ìwẹ̀. Plutarch ní wọ́n rí iwin níbẹ̀ pẹ́, wọ́n gbọ́ ìkérora, títí wọ́n fi mọ ilẹ̀kùn ilé náà pa. Ó ní títí di ìgbà tòun, àwọn tó ń gbé ìtòsí ibẹ̀ ṣì ń rí nǹkan, wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn. Ó mọ ilé náà. Ó ti ní láti máa gba iwájú rẹ̀ kọjá láti kékeré.

Lẹ́yìn ìpànìyàn yìí, ìlú Orchomenos tó múlé gbè wọ́n gba agbẹjọ́rò ará Róòmù kan láti fi ẹ̀sùn pípa àwọn ará Róòmù náà kan gbogbo Chaeronea, bí ẹni pé ìlú lódidi jẹ́ ènìyàn kan tó pànìyàn. Ẹjọ́ dé iwájú gómìnà Makedóníà. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè gbà wọ́n: Lucullus, ọ̀gágun Róòmù tó ti gba ibẹ̀ kọjá, tó ti wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Gómìnà kọ̀wé béèrè, Lucullus sì jẹ́rìí òtítọ́. Wọ́n dá ìlú láre. Àwọn ará Chaeronea gbẹ́ ère Lucullus, wọ́n gbé e sí ọjà. Ìran mélòó kan kọjá. Plutarch wá sọ pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́, oore náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà láyé báyìí, àti pé àwòrán ìwà ènìyàn níyì ju àwòrán ojú rẹ̀ lọ. Nítorí náà lòun ṣe fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé Lucullus, láìparọ́ kún un. Èmi mọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Nílé wa, a ṣì ń kí ìdílé kan pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ nítorí ohun tí bàbá àgbà wọn ṣe fún bàbá àgbà wa, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó wà láyé nígbà tó ṣẹlẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ohun gbogbo nílùú náà tẹ́ mi lọ́rùn. Plutarch fúnra rẹ̀ ròyìn àṣà ọdọọdún kan tí wọ́n fi ń lé ebi jáde: wọ́n á fi pàṣán igi na ẹrú kan jáde ní ilé, wọ́n á máa ní kí ebi jáde, kí ọrọ̀ àti ìlera wọlé. Ó ṣe é nígbà tó wà nípò ìjòyè ìlú. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ ti oúnjẹ ọdún. Ẹni tó bá ti ilẹ̀ tí wọ́n ti kó ènìyàn lẹ́rú wá kò lè ka ibẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti hú òkúta púpọ̀ ní Chaeronea tí wọ́n kọ ìdáǹdè ẹrú sí, tí olówó wọn fi wọ́n fún òrìṣà Sarapis kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Inú mi dùn pé orúkọ àwọn wọ̀nyí náà wà lára òkúta. Ti ẹni tí wọ́n na jáde nítorí ebi kò sí.

Pausanias sọ ohun méjì mìíràn tó mú mi rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí òkè yẹn. Ó ní nínú gbogbo òrìṣà, ọ̀pá àṣẹ ni àwọn ará Chaeronea ń bọ jù, ọ̀pá tí wọ́n ní Hephaestus, òrìṣà alágbẹ̀dẹ, rọ fún Zeus, olórí àwọn òrìṣà wọn, tó wá dé ọwọ́ ọba Agamemnon. Wọ́n rí i ní ààlà ilẹ̀ wọn àti ti àwọn ará Phocis, pẹ̀lú wúrà. Àwọn Phocis kó wúrà, àwọn Chaeronea mú ọ̀pá, inú wọn sì dùn sí i. Kò ní tẹ́ńpìlì. Ilé ẹni tó bá jẹ àlùfáà lọ́dún náà ló ń wà, wọ́n ń rúbọ sí i lójoojúmọ́, tábìlì kan sì wà níwájú rẹ̀ tó kún fún ẹran àti àkàrà òyìnbó oríṣiríṣi. Ìkejì ni pé wọ́n ń se òróró olóòórùn dídùn níbẹ̀ láti ara òdòdó, lílì, róòsì, àti àwọn mìíràn, òróró róòsì yìí sì ni wọ́n ń fi ra ère onígi kó má baà jẹrà.

Ìlú yìí náà sì ni ilé tí Timoxena kékeré kò pẹ́ níbẹ̀. Plutarch àti ìyàwó rẹ̀ ti bí ọkùnrin mẹ́rin kí ọmọbìnrin kan tó dé, wọ́n fún un ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tó kú. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ìrìn àjò, lẹ́tà ló fi kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sí ìyàwó. Nínú lẹ́tà náà, ó rántí pé ọmọ náà máa ń sọ fún ẹni tó ń fún un lọ́mú pé kó fún àwọn ọmọ ọwọ́ mìíràn náà, kó tún fún àwọn nǹkan ìṣeré òun. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún tí wọ́n ti sin ín, mo ṣì ń rí i tó ń gbé ohun ìṣeré rẹ̀ súnmọ́ ọmú.

Ó ku òkúta kan. Ní ọdún 86 ṣáájú ìbí Krístì, ogun mìíràn tún dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí. Sulla, ọ̀gágun Róòmù, bá ogun Mithridates ọba Pontus jà níbẹ̀. Apá kan ogun ọ̀tá ti gba òkè Thourion, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lé wọn. Àwọn ọmọ Chaeronea méjì, Homoloichos àti Anaxidamos, tọ Sulla wá, wọ́n ní àwọn mọ ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí ọ̀tá kò mọ̀. Wọ́n mú àwọn ọmọ ogun gba ibẹ̀, wọ́n bọ́ sí wọn lórí lójijì. Plutarch kọ ọ́ pé Sulla gbé àmì ìṣẹ́gun kan sí orí òkè, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí ní lẹ́tà Gíríìkì, pé àwọn ni akọni ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1990, àwọn awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà rí òkúta kan lórí òkè níbẹ̀. Wọ́n nù ún, wọ́n kà á. Homoloichos. Anaxidamos. Akọni. Bí Plutarch ṣe kọ ọ́ ló rí. Kì í ṣe pé ó kà á nínú ìwé nìkan. Ó jọ mí lójú pé ó ti gun òkè náà lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọmọ ìlú ṣe ń gun òkè ìlú rẹ̀, tó sì fi ìka tọ lẹ́tà náà.

Ilẹ̀ mì ní ọdún 551 lẹ́yìn ìbí Krístì, ó wó ìlú náà lulẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní agbègbè yẹn. Nígbà ìjọba Tọ́kì, abúlé tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ Chaeronea mọ́, Kápréna ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dá orúkọ àtijọ́ padà fún un lẹ́yìn náà. Igi óákù kan wà létí odò Kifisos nígbà ayé Plutarch tí wọ́n ń pè ní óákù Alexander, torí wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ọba náà pàgọ́ sí. Odò kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Haimon, tó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lédè wọn, òun ni Plutarch sì fura sí nígbà tó ń wá odò tí àsọtẹ́lẹ̀ nípa ogun Philip dárúkọ. Mo jókòó sórí ìjókòó àpáta gbọ̀ngàn eré, mo ń fojú wá ibi tí igi náà lè ti wà. Katakata kan ń lọ ń bọ̀ nínú oko. Àpáta tí mo jókòó lé ṣì gbóná látinú oòrùn ọ̀sán, ó sì ti jẹ wọ inú díẹ̀ láàárín, bí ìjókòó tí ènìyàn ti lò pẹ́.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ ti dé, ó ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìnnìún. Àgbàlagbà ni. Mo fi fọ́tò Yayá hàn án lórí fóònù mi. Ó wò ó dáadáa, ó wo ìpìlẹ̀ òkúta, ó tún wo fọ́tò. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tọ́ka sí ibi tí ọmọdébìnrin náà dúró sí, ó ní kí n lọ dúró níbẹ̀. Mo lọ. Ó wo inú fóònù, ó mi orí, ó sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí n sún sí òsì díẹ̀, kí orí kìnnìún lè wọ inú rẹ̀.